Yíya Ọ̀nà Òkè Ìdànrè Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá gun Òkè Ìdànrè, àpáta gìrìwò ìlú Ọwá, òkè tí òjò pa títí tí kò yẹ̀ lẹ́sẹ̀, yóò rí i pé bí ọ̀nà ibẹ̀ ti ń yà sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gòkè, débi pé ìwé pẹlẹbẹ kò lè gbà á tán. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà mẹ́ta ni a fi ń sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà: òòró, ìbú àti gíga.

Àwọn ará Faransé méjì, Paul de Casteljau ti Citroën ní 1959, àti Pierre Bézier ti Renault lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n wá ọgbọ́n fífi àmì díẹ̀ ya ìlà tí ó tẹ̀, fún yíya ara mọ́tò, ọgbọ́n tí ó wú mi lórí púpọ̀. Àmì mẹ́rin tó: ìlà yóò bẹ̀rẹ̀ lórí èkíní, yóò parí sórí ìkẹrin, àwọn méjì àárín yóò sì máa fà á mọ́ra láìjẹ́ pé ó di dandan kí ó kàn wọ́n.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; ègé ìlà kéékèèké ni a ń so pọ̀ di ọ̀nà gígùn. Kí a sì máa wò ó láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, nítorí ìlà tí ó dọ́gba lójú ẹni tí ń wò ó láti òkè lè ti wọ inú àpáta lọ.