Ẹni Tí Ó Fi Bọ́ọ̀lù Hàn Wá: Ìrántí Ernest Okonkwo

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2024, mo jókòó ti bàbá mi nínú pálọ̀ wa ní Ẹdẹ. Nàìjíríà àti South Africa ń kojú ara wọn ní ìlú Bouaké, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, kí á lè mọ ẹni tí yóò dé àṣekágbá. Tẹlifíṣọ̀n wà níwájú àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ń wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àrùn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ti gba ìmọ́lẹ̀ ojú bàbá mi. Etí nìkan ni ó kù tí ó fi ń gbádùn bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí eré ń parí lọ, Victor Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mo fò sókè, mo pariwo, “Góòlù!” Bàbá mi náà na ọwọ́ méjèèjì sókè. Lẹ́yìn náà ni rẹfirí lọ wo àwòrán ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ó padà dé, ó fagi lé góòlù wa, ó sì fún South Africa ní pẹnáritì, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe sí agbábọ́ọ̀lù wọn lẹ́bàá ilé wa. Ẹnu mi wọhò. Ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Bàbá mi gbá apá mi mú.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọmọ mi, má dákẹ́. Níbo ni bọ́ọ̀lù wà?”

A padà borí lálẹ́ ọjọ́ náà. Stanley Nwabali mú pẹnáritì méjì, 4 sí 2 ni a sì fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ sùn, bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi: “O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Ernest Okonkwo kò jẹ́ fi ènìyàn sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi lè má mọ orúkọ yìí. Ọdún 1990 ni Okonkwo jáde láyé, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí yín. Ní ayé ìgbà tí ilé tí ó ní tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Ishola Folorunso àti Tolu Fatoyinbo ni wọ́n ń sọ bí eré bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè lórí rédíò.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá mi ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980, tí Nàìjíríà kojú Algeria nínú àṣekágbá ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Ìsọ̀ télọ̀ bàbá bàbá mi, nítòsí Ọjà Tìmì, ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n ti sá bátìrì rédíò sóòrùn kí agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀. Àwọn oníbàárà jókòó sórí àga, àwọn ọmọdé sì kún ẹnu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, bàbá bàbá mi kò sì gbọ́ ju ìdajì lọ. Tíṣà kan tí ó wá gba aṣọ rẹ̀ ni ó ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá ti ń ròkè, kò sẹ́ni tí ó tún ń dúró de ìtúmọ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan, Nàìjíríà sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀ yẹn kò fi ojú rí bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, títí di òní, bàbá mi lè fi ọwọ́ júwe ibi tí ó gbà wọlé.

Àwọn àgbà wa kò ṣì í pè nígbà tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò lè bi í léèrè pé, “Ibo lo ń wí?” Nítorí náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti dáhùn kí á tó béèrè. Apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù wà ni, tàbí apá òsì? Ẹsẹ̀ ta ni ó wà? Ta ni ó ń sáré bọ̀ wá gbà á? Mélòó sí mélòó ni, ìṣẹ́jú mélòó ni ó sì kù? Ìbéèrè wọ̀nyí ni Okonkwo ń dáhùn láìsinmi.

Kì í ṣe gbogbo eré ni ó ń béèrè bẹ́ẹ̀. Peter Alliss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ní ẹni ọdún 89, fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀rọ̀ nípa gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tirẹ̀ lè dákẹ́ nígbà tí ó bá wù ú, nítorí pé olùwòran ń fi ojú ara rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù kékeré náà bí ó ṣe ń yí lọ sínú ihò. Lórí rédíò, bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́, ilẹ̀ ṣú nìyẹn. Èyí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi nígbà tí ẹnu mi wọhò.

Ohun kejì tí kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé Okonkwo ni orúkọ tí ó ń sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó pe Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”, bí ẹni tí ó ti ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí kí ó tó gbá a. Christian Chukwu, balógun àwọn tí ó gba ife 1980, di “Chairman” lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Chukwu kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, orúkọ yẹn náà ni àwọn ènìyàn fi dárò rẹ̀. Ẹni tí ó sọ orúkọ ti kú láti ọdún 35, orúkọ kò kú.

Ní Ẹdẹ Mápó Arógun, irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Níhìn-ín ni Ọba Adétóyèṣe Láoyè ti jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, ọba tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Onílù tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kàn dárúkọ ènìyàn. Yóò wo ìwà àti ìṣe rẹ̀, yóò sì yọ gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kò ní ṣeé fi pe ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ nípa oríkì ní yunifásítì, n kò sì mọ̀ pé ọkùnrin kan ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ki àwọn agbábọ́ọ̀lù fún bàbá mi.

Ọmọ Ìgbò ni Okonkwo. Ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ọmọ Ìgbò yìí ń ki ọmọ Yorùbá lórí rédíò, tí àwọn télọ̀ Ẹdẹ sì ń pàtẹ́wọ́. Mo bi bàbá mi bóyá wọ́n ronú sí i nígbà náà. Ó ní rárá: “Ẹni tí ó fi bọ́ọ̀lù hàn wá ni.”

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìdíje Bouaké, Nàìjíríà kojú Côte d'Ivoire nínú àṣekágbá ní Abidjan. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Mo ń sọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù wà, mo ń dárúkọ ẹni tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí William Troost-Ekong fi orí kàn án wọlé, bàbá mi mọ̀ kí ariwo tó sọ. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ohùn mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n n kò dákẹ́. Nígbà tí Haller sì jẹ èkejì, mo sọ fún un bí ó ṣe na ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà níwájú aṣọ́lé wa. A pàdánù, 2 sí 1.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. “Ó dùn mí,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀.”

Mo wá ohùn Okonkwo kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo rí. Nítorí náà, mo tan fóònù mi, mo sì ní kí bàbá mi sọ góòlù 1980 fún mi bí ó ṣe gbọ́ ọ nínú ìsọ̀ télọ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó fi sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sín ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí òbí yín bá wà láyé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lónìí. Bí ojú ẹnìkan nínú ilé yín kò bá sì ríran mọ́, ẹ jókòó tì í nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ. Ẹ sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà fún un, kí ẹ má sì dákẹ́.