“Bàbá, Ẹ Lọ Sinmi!” Ta Ni Yóò Gbé Oúnjẹ Fún Wọn Níbi Ìsinmi?

Pátákó kékeré kan ni wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà: “A ń wá òṣìṣẹ́. Kò gbọdọ̀ ju ẹni ọdún 30 lọ.” Ẹni tó bá ń rìn kiri àdúgbò l’Ékòó tàbí n’Íbàdàn mọ irú pátákó bẹ́ẹ̀. Wọn kò tí ì bèèrè bóyá èèyàn mọ iṣẹ́ o. Ọjọ́ orí ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.

Ká ní bàbá atẹ̀wé kan ló wọlé, ẹni ọdún 54. Ilé ìtẹ̀wé tó ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé. Owó ilé ìwé ọmọ méjì wà lọ́rùn rẹ̀, lánlọ́ọ̀dù náà sì ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì wò ó láti òkè délẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ lọ sinmi.”

“Ọmọ mi, ibo ni kí n ti sinmi? Ṣé ìwọ lo máa gbé oúnjẹ wá síbẹ̀?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ fún bàbá yìí lésì! Ẹni tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì jáde ilé ìwé, ìsinmi wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Irọ́ ni pátákó yẹn ń kọ́ àwọn èèyàn. Ẹlòmíì á gba kọ́ọ̀tù lọ, á búra, á gé ọdún mẹ́wàá dànù lára ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó bá sì fi irọ́ wọṣẹ́, ìbẹ̀rù ni yóò máa fi ṣe é.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ta ló ń bi ìyá aláta léèrè ọjọ́ orí kó tó ra ata lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ata bá dáa, tí òṣùwọ̀n bá kún, ọ̀rọ̀ ti parí.

Òfin pàápàá fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ̀ka 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní wọn kò gbọdọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀ fún ìyà nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìlú tó ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, tàbí èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1967 ni òfin ti ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá ti pé ẹni ogójì ọdún, kí wọ́n má baà fi ọjọ́ orí lé e sẹ́yìn.

Síbẹ̀, ìjọba wa náà mọ̀ pé àgbà ṣì wúlò. Ẹni ọdún 60, tàbí ẹni tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó pọ̀ jù ń fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó sún ti àwọn tíṣà sí ẹni ọdún 65, tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, èyí tí gbogbo èèyàn mọ Ṣómólú mọ́ l’Ékòó. Láyé àtijọ́, òjé ni lẹ́tà. Atẹ̀wé á máa fi ọwọ́ ṣà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lódìlódì ni wọ́n sì wà, síbẹ̀ á máa kà wọ́n geere. Kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ yẹn lọ. Lónìí, ọmọ ogún ọdún á jókòó, á ṣe káàdì ìgbéyàwó tán kí ẹ tó jẹun tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo káàdì míì! Àmì orí ọ̀rọ̀ ti dàrú, “ọkọ” ìyàwó ti di “ọkọ́” tí wọ́n fi ń roko! Bàbá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ka lẹ́tà òdì á ti rí i kó tó dórí ẹ̀rọ. Ó mọ ìwé tó ń mu ìǹkì jù. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ bàjẹ́, ìró rẹ̀ ló fi ń mọ̀. Bí àṣìṣe kan bá wọ káàdì 500, owó ta ló gbé?

Ká sọ òótọ́, àgbà náà lẹ́bi tiwọn. Ẹlòmíì kò fẹ́ kí ọmọdé kọ́ òun ní nǹkan kan. “Ṣé kí wọ́n tó bí ọ kọ́ ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí?” Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan sídìí iṣẹ́ kan. Kí ọ̀dọ́ gbé ẹrù tó wúwo, kí àgbà yẹ iṣẹ́ wò, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Bí agbára bàbá kò bá gbé odindi ọjọ́ mọ́, ẹ gbà á fún ààbọ̀ ọjọ́ pẹ̀lú owó ààbọ̀ ọjọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà ni kí ẹ kọ sórí pátákó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ yọ wákàtí kan nínú ọjọ́ ìpàdé, kí ọ̀dọ́ fi kọ̀ǹpútà han àgbà.

Ẹ̀yin tí ara yín ṣì le, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n á ní kí ẹ lọ sinmi. Láti oṣù kẹta ọdún 2019 ni àjọ PenCom ti ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Díẹ̀díẹ̀, bí agbára bá ṣe mọ, lèèyàn ń dá a.

Ọmọ ọdún 25 tó ń kan pátákó yẹn mọ́gi lónìí, kó rọra o. Ọdún mẹ́fà péré ló kù tí pátákó náà yóò fi lé òun náà jáde.