Orin Kọ́ Ni A Ń Kẹ́gàn

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Nítorí náà, a kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí orin tí ó yàn láàyò. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ti àwọn tí wọ́n sọ orin di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọlúàbí. Bí wọ́n bá gbọ́ fújì nílé aládùúgbò, wọn a yínmú, wọn a ní orin gáréèjì ni, orin àwọn tí kò kàwé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí fújì ti ṣẹ̀. Orin wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí láti jẹ sààrì nínú oṣù ààwẹ̀, ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó di olóògbé ní 2010, sọ di fújì. Orin tí a fi ń jí ènìyàn sí iṣẹ́ Ọlọ́run ni a wá ń pè ní orin ọmọ ìta!

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti jùjú rí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, orin ilé ẹlẹ́mu ni. Ní 1963, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I. K. Dáíró lọ́lá, ní 1982, ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo King Sunny Adé jáde fún gbogbo ayé. Lónìí, ta ni ń tijú láti jó jùjú? Ǹjẹ́ ìlù gángan ni ó yí ohùn padà ni? Rárá o. Ojú tí a fi ń wo àwọn tí ń jó o ni ó yí padà. Orin kọ́ ni a ń kẹ́gàn, ènìyàn ni.

Ẹ̀bi yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ẹni tí ń fi ọmọ tí ń tẹ dùùrù ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó dúdú ni, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni ó ń dá. Ògbóǹtarìgì atẹdùùrù ni Fẹlá Ṣówándé, síbẹ̀ ó mú orin ilẹ̀ wa wọ inú orin tí ó kọ fún ohun èlò òyìnbó.

A kò sẹ́ pé orin tí ènìyàn fẹ́ràn a máa fi irú ẹni tí ó jẹ́ hàn. Ṣùgbọ́n ilé tí a bí i sí àti ibi ìjọsìn tí a gbé e lọ ní kékeré ni ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sí i lára. Kí ni ó wá kù tí a fi ń gbéraga? Ọmọ tí a bá sì kọ́ láti tijú orin bàbá rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi tijú bàbá náà.

Ìmọ̀ràn wa kò le. Kí ẹni tí kò fẹ́ fújì fi sùúrù gbọ́ ọ dé òpin, kí onífújì náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún tákàsúfèé àwọn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ ọn lẹ́yìn èyí, kò sí ẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá tí ó dá a ńkọ́?