Kí Ẹ Tó Fowó Ra Bobcat Tòkúnbọ̀

Ẹni tó bá ti ra tẹlifíṣọ̀n tòkúnbọ̀ rí l'Álàbá mọ òfin ibẹ̀: kí wọ́n tàn án kí n rí i, kí n tó sanwó. Òfin yẹn dáa, ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ ńlá, kò tó.

Àǹtí mi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Okokomaiko. Wọ́n kó àjọ, wọ́n sì fẹ́ fi ra Bobcat tòkúnbọ̀, ìyẹn pelóda kékeré tí a fi ń kó yanrìn. Oṣù mẹ́fà ṣì kù tí wọ́n máa fi dá àjọ náà. Bí ẹ̀rọ bá dẹnu kọlẹ̀, wọ́n á ṣì máa san owó ohun tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ wò ó.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Cyril àti Louis Keller, ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí lọ́dún 1957 ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, fún àgbẹ̀ tó ń sin tòlótòló, kó lè máa fi kó ìgbẹ́ wọn níbi tí àyè ò ti gbà. Táyà rẹ̀ kì í kọrí sọ́tùn-ún tàbí sósì bíi ti mọ́tò. Tọ̀tún dá dúró, tòsì dá dúró. Bí apá kan bá ń lọ síwájú tí èkejì ń lọ sẹ́yìn, ẹ̀rọ á yí po lójú kan. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò láàárín búlọ́ọ̀kù tí ẹ sá sóòrùn. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kó tètè jẹ táyà, pàápàá lórí kọnkéré.

Nígbà tí a débẹ̀, mo gbé ọwọ́ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹni tó ń tà á tó sítáàtì rẹ̀. Ó ti gbóná. Ẹ gbọ́ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì: ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ti rẹ̀ máa ń ṣòro sítáàtì nígbà tó bá tutù. Bó bá ti gbóná, àṣírí bò.

Ṣùgbọ́n ti ọ́ìlì háídírọ́líìkì yàtọ̀. Òun ló ń yí táyà, òun ló ń gbé apá ẹ̀rọ sókè. Bí pọ́ǹpù rẹ̀ bá ti jẹ, agbára rẹ̀ ń dínkù bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná. Torí náà, ẹ wo ẹ́ńjìnnì ní tútù, kẹ́ ẹ sì wo háídírọ́líìkì ní gbígbóná. Ẹ jẹ́ kó kó yanrìn tútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tó wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti ìwé Kọ́sítọ̀ọ̀mù.

A padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ náà kọ̀, kò jẹ́. Nígbà tó jàjà jẹ́, èéfín funfun bo gbogbo wa. Àǹtí mi wò mí, wọ́n ní, "Jẹ́ ká máa lọ."

Nílé, a ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni típà ń já yanrìn fún wọn lọ́sẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ń háyà Bobcat lọ́jọ́ iṣẹ́ ńlá. Owó àjọ ṣì wà nílẹ̀.