Gómìnà Moloney àti Àdéhùn Ìmẹ̀sí-Ilé

Ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1886 ni wọ́n kéde àlàáfíà fún ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àpapọ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tó pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, àti fún ti Ìbàdàn tó wà níhà Ìgbájọ. Cornelius Alfred Moloney ni gómìnà Èkó nígbà náà.

1848 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ológun ló kọ́kọ́ ṣe, ó sì wà nínú ogun Aṣáńtì ti 1873 sí 1874. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó rí kó tó lọ ṣàkóso Gáńbíà. Nígbà tí wọ́n yọ Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast ní Jánúárì 1886, òun ni wọ́n fi ṣe gómìnà rẹ̀.

Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ló bá nílẹ̀. Ìyà àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló sú àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí fi dìde ní 1878. Ògèdèǹgbé wá di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́, nítorí náà Ìbàdàn ò lè borí, àwọn náà ò sì lè lé Ìbàdàn lọ. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885. Ọ̀nà ọjà dí, ìyẹn gan-an ló ká àwọn Gẹ̀ẹ́sì lára.

Moloney ò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Ìmẹ̀sí. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti àgọ́ dé àgọ́, láàárín àwọn tó ti ń yìnbọn sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, orúkọ wọn ló yẹ kí ọmọ Ìmẹ̀sí kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Higgins àti Smith, aṣojú gómìnà, wá síbi ìkéde. Àdéhùn náà ní kí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà máa ṣàkóso ara wọn, kí Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, kí ará ìlú mẹ́rin yìí tó bá fẹ́ kó lọ máa kó lọ. Àwọn Ìlọrin tó dó ti Ọ̀fà ò kúrò níbẹ̀ ní tiwọn; 1893, nígbà Gilbert Carter, ni ogun tó tán pátápátá. Láìpẹ́, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ló dé.

Moloney fẹ́ràn igi àti ewéko. Ní 1887 ó tẹ ìwé kan jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Ó kúrò l'Ékòó ní 1891, ó lọ sí Honduras ti Gẹ̀ẹ́sì tó di Belize, lẹ́yìn náà àwọn erékùṣù Windward, ó sì dé Trinidad ní 1900, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń gbé nígbà náà. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Máàṣì 1903, àwọn ará Port of Spain bínú sí òfin omi tuntun, wọ́n dáná sun Red House tí ìgbìmọ̀ ìjọba ń jókòó sí. Ọlọ́pàá yìnbọn, ènìyàn 16 kú. Ọdún kejì ló fi Trinidad sílẹ̀, ó sì kú ní 1913.