Bí A Kò Bá Mọ Oúnjẹ, Kí A Béèrè

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan kọ àròkọ nípa ẹ̀bìrìpò. N kò jẹ ẹ́ rí. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí i, mo ní, "Kò sí oúnjẹ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gbé e wá bá mi. Kókò ni wọ́n rin, tí wọ́n dì sínú ewé, tí wọ́n sì sè. Mo jẹ ẹ́, ojú sì tì mí.

Irú àṣìṣe yìí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ Wikipedia. Kí ni Wikipedia? Ìwé ìmọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti bébà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà. A lè fi fóònù kà á. Jimmy Wales àti Larry Sanger ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Ó wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ló sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe, tàbí kí ó pa á rẹ́. A kì í sanwó fún wọn.

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá. Ẹ wo fùfú. Níhìn-ín ní Ìbòkun, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi títí ó fi kan ni fùfú. Iṣu tí a gún lódó ni iyán. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí yóò pe iyán ní fùfú! Ṣùgbọ́n ní Gánà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sè, tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ni fùfú. Bí ará Gánà bá kọ tirẹ̀, tí ará Nàìjíríà sì pa á rẹ́, ta ló jẹ̀bi? Àwọn méjèèjì ló mọ fùfú tiwọn. Ẹni kẹta tí kò fi ẹnu kan ọ̀kankan rí sì lè ní, "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Òfin wà tí wọ́n fi ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Èkíní, ohun tí a ti tẹ̀ jáde ni ẹ̀rí. "Bí ìyá mi ti ń sè é nìyí" kò tó. Èkejì, ojú-ewé kan wà níbi tí wọ́n ti ń jíròrò kí wọ́n tó fẹnu kò.

Òfin kìíní dára, nítorí ó ń dènà irọ́. Ṣùgbọ́n ó le fún wa. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ wa wà lọ́wọ́ àwọn ìyá, kò sí nínú ìwé. Ẹni tí kò rí i nínú ìwé lè rò pé kò sí láyé, bí èmi náà ti rò.

Ẹ wo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwa àti Gánà ń jiyàn pé tiwa ló dùn jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni orúkọ náà ti wá. Ní ọdún 2021, UNESCO kọ ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja ti Sẹ̀nẹ̀gàl, sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Sẹ̀nẹ̀gàl kó ẹ̀rí jọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ẹ mú gègé. Ẹ kọ bí a ti ń se oúnjẹ ilé yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ ìwé àti ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá sì rí oúnjẹ ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe fi gègé pupa fà á. Ẹ kọ́kọ́ béèrè.