Jákẹ́ẹ̀tì tí òjò kò lè wọ̀: Ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò kó tó náwó sí i

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́. Ilẹ̀ tó gbóná ni wọ́n ti pa òwe náà. Bí òjò bá pa èèyàn láti Mọ́kọ́lá títí dé Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, kò ju kó délé, kó bọ́ aṣọ rẹ̀ sá, kó mu ẹ̀kọ gbígbóná, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ń gun òkè Ben Nevis ní Scotland, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,345, tí òjò wá ká a mọ́ agbedeméjì ọ̀nà, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, kò nílò kí Ṣàngó dá sí i rárá. Òjò nìkan tó láti ran onítọ̀hún lọ sọ́run.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ooru ara èèyàn máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 37. Bí òtútù bá fa ooru yìí wálẹ̀, ara á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Bí ó bá ti já wálẹ̀ kọjá 35, ọwọ́ kò ní lè so okùn bàtà dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, èèyàn á sì máa ṣe bí ẹni tó mutí yó. Bí wọn kò bá tètè gba ẹni náà sílẹ̀, ó lè gbabẹ̀ kú. Omi sì máa ń fa ooru kúrò lára èèyàn tó ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé aṣọ tó rin gbindin léwu lórí òkè, kódà lọ́jọ́ tí kò sí yìnyín, tí ojú ọjọ́ wà ní dígírì 10.

Ọ̀rọ̀ òkè gígùn kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan mọ́. Ní 2019, Rhiane Fatinikun, obìnrin kan ní Britain tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ máa rin orí òkè àti ìgbèríko. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ń lọ sí agbègbè Lake District, níbi tí abúlé Seathwaite wà, tí òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan lé ní mìlímítà 3,000. Ti Ìbàdàn kò tó ìdajì rẹ̀. Nílé níbí náà, àwọn ọ̀dọ́ ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pọ́n àpáta ìsun omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn lágbára láti rà, èyí tí wọ́n máa wọ̀ gun òkè ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n á tún wọ̀ dúró de bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé omi méjì ni jákẹ́ẹ̀tì òjò ń bá jà: èyí tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀, àti òógùn tó ń jáde lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Charles Macintosh, ará Scotland, ṣẹ́gun omi àkọ́kọ́ ní 1823, nígbà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà yíyọ́ sí àárín aṣọ méjì. Títí dòní olónìí, "mac" làwọn ará Britain ń pe aṣọ òjò. Ṣùgbọ́n bí òjò kò ṣe rọ́nà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òógùn kò rọ́nà jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ rénkóòtù onírọ́bà táwọn ọlọ́kadà ń lò, tó wá fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí, á mọ̀ pé nígbà tóun máa bọ́ ọ, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àtẹni tí òjò pa.

Omi kejì yìí ni Robert Gore rí ojútùú sí ní ìpínlẹ̀ Delaware, l'Amẹ́ríkà, ní 1969. Èròjà kan tó ń jẹ́ PTFE, irú èyí tí wọ́n fi ń bo inú páànù kí ẹyin dídín má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ló mú ọ̀pá rẹ̀ tó ti gbóná, tó sì fà á lójijì. Dípò kó já, ńṣe ló nà gbọọrọ, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀kán òjò tóbi ju ihò wọ̀nyí lọ fíìfíì, àmọ́ òógùn tó ti di ooru lè gba inú wọn kọjá. Láti 1976 ni aṣọ tí wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ṣe ti wà lórí igbá gẹ́gẹ́ bíi Gore-Tex, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ṣe tiwọn tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta á. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá lára àkọlé rẹ̀ ni "waterproof". Bí ó bá jẹ́ "water-resistant" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fọgbọ́n sọ fún yín ni pé òjò winniwinni nìkan ni aṣọ náà lè fara dà. Bí ọ̀wààrà bá dé, kálukú á ṣe ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi mìlímítà kà. Ẹ fi í ṣe bí ìgbà tí wọ́n gbé páìpù gígùn kan nàró lórí aṣọ náà, tí wọ́n wá ń rọ omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi náà ga dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n bá kọ 10,000, a jẹ́ pé aṣọ náà gbé omi tó ga tó mítà 10, bíi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Èèyàn lè béèrè pé òjò wo ló wúwo tó bẹ́ẹ̀? Kò sí. Okùn báàgì tó ń tẹ èjìká mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àti ìdí tí a fi jókòó sórí àpáta tútù, ni nọ́ńbà náà wà fún. Fún ìrìn ìgboro, 10,000 ti tó tán. Ẹni tó bá máa gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn gun òkè látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló yẹ kó wá 20,000.

Nọ́ńbà kejì jẹ́ ti gíráàmù: iye omi òógùn tó lè gba inú aṣọ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóròó jáde láàárín wákàtí 24. 5,000 kéré fún ẹni tó ń gun òkè. Láti 10,000 lọ sókè ló dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbójú lé e jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ju ẹyọ kan lọ, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan kò sì ṣe é gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmíràn.

Ohun tí wọn kì í kọ sára àkọlé yìí ló ká mi lára jù, torí pé ó kan àwa tí a wà nílé gan-an. Ẹ rántí bí aṣọ ṣe máa ń gbẹ lórí okùn nígbà ọyẹ́: kéèyàn tó sá ìkẹta tán, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Ẹ wá sá aṣọ yẹn kan náà ní oṣù Keje tí ojú ọ̀run ṣú, ó lè lo ọjọ́ méjì, á tún máa rùn. Omi inú aṣọ kò yí padà, afẹ́fẹ́ tó yí i ká ló yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn. Òógùn máa ń jáde nígbà tí inú aṣọ bá móoru, tó kún fún ọ̀rinrin, tí ìta sì tutù, tó gbẹ jù ú lọ. Ní Scotland, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. L'Ékòó ní oṣù Kẹfà, ìta gan-an móoru, ó tutù rìn-ìn, òógùn kò wá rí ibi tó máa gbà lọ. Ẹni tó bá kó owó gọbọi sórí jákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá nítorí kó lè wọ̀ ọ́ gun Òkè Ìdànrè nígbà òjò, òógùn á wẹ̀ ẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ ti ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ ni kí aṣọ náà fẹ̀, kó fúyẹ́, kó sì ní síìpù lábẹ́ abíyá méjèèjì tó ṣe é ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọlọ́kadà ní tirẹ̀ kò nílò ju rénkóòtù onírọ́bà rẹ̀ lọ. Jíjókòó ló jókòó, òógùn rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀nà tí omi sábà ń gbà wọlé kì í ṣe ojú aṣọ. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún, ihò ti wà níbẹ̀. Ẹ yí inú jákẹ́ẹ̀tì náà síta kí ẹ wo gbogbo ojú rírán rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ooru lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká àti fìlà nìkan, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Síìpù iwájú náà ń kọ́? Ó yẹ kó ní aṣọ tó bò ó mọ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú. Ẹ wá gbé fìlà rẹ̀ borí, kí ẹ wo ọ̀tún, kí ẹ wo òsì. Fìlà tó dáa máa ń bá orí yí. Èyí tí kò dáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ojú yín máa máa wò nígbà tí mọ́tò bá ń bọ̀. Kó ní okùn tí a lè fi fún un mọ́ orí, kí etí rẹ̀ níwájú sì le, kí omi má baà ṣàn sójú. Àwọn obìnrin tó di irun gíga ní láti dán an wò pẹ̀lú irun náà lórí. Ti gèlè kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ já ọsàn. Bí ìdí aṣọ bá sá dé ìbàdí, tí ọrùn ọwọ́ sì yọ síta, ó kéré. Àyè súẹ́tà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí jákẹ́ẹ̀tì òjò fúnra rẹ̀ kì í múni móoru. Òjò àti atẹ́gùn ló ń dá dúró. Ẹ má wọ aṣọ olówùú àti jíǹsì sábẹ́ rẹ̀ lọ sórí òkè tútù, torí òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn ló sàn jù. Ní ti gígùn, èyí tó bo ìdí ló dáa fún ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gun òkè sì máa ń fẹ́ èyí tó kúrú díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rà fún iṣẹ́ méjèèjì, tèmi ni pé kí ẹ ra èyí tó bo ìdí tí kò wúwo. Àwọ̀ dúdú dára nígboro, àmọ́ bí nǹkan bá ṣe yín lórí òkè, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa ni àwọn tó ń wá yín máa tètè rí.

Ẹ ti rí bí omi ṣe máa ń ṣù, tó ń yí lórí ewé kókò láìrin ewé náà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi pa ìta jákẹ́ẹ̀tì tuntun. Bó bá ti ń pẹ́, ó máa ń ṣí kúrò, ìta aṣọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, òógùn kò ní ráyè jáde mọ́, ẹni tó ni ín á sì máa pariwo pé aṣọ òun ti ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò jò. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ má fi oje tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kí ẹ ṣan án dáadáa. Bí àkọlé inú rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́ pẹ̀lú ooru díẹ̀, torí ooru ló ń jí ìpara náà. Bí kò bá jí, wọ́n ń ta òmíràn tí a lè fi pa á. Kẹ́míkà PFAS ni wọ́n ń lò fún un tẹ́lẹ̀, èyí tí kì í tètè bàjẹ́ nínú ilẹ̀ àti omi. Ìpínlẹ̀ California ti fòfin de ọ̀pọ̀ aṣọ tuntun tó ní in láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ilẹ̀ Faransé sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ìpara tuntun tí kò ní PFAS kò lè kọ òróró bíi ti àtijọ́, nítorí náà ó ń fẹ́ kí wọ́n máa fọ aṣọ náà déédéé.

Ó ku ti ọjà òkìrìkà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà. Mo ra ọ̀kan níbẹ̀ rí tí orúkọ ńlá wà láyà rẹ̀. Òjò kejì tí mo wọ̀ ọ́ sí, nǹkan funfun bí èépá kún gbogbo ọrùn mi. Awọ inú rẹ̀ ló ti jẹrà tó ń ṣí, kò sì sí àtúnṣe fún irú rẹ̀. Ọ̀rinrin àti ooru ló máa ń fà á, pàápàá bí aṣọ bá ti pẹ́ nínú ẹrù dídì. Láti ìgbà náà, kí n tó dúnàá dúrà, mo máa ń kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. Mo máa ń fọwọ́ ra á láti mọ̀ bóyá ó ń lẹ̀ mọ́ra, mo máa ń fi èékánná tọ́ etí téèpù wò, mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀, nítorí awọ tó ń jẹrà máa ń rùn bí èébì ọmọdé. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, mo máa ń da omi inú ọ̀rá díẹ̀ sí èjìká rẹ̀, kí n di inú rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi tó bá rin ìta nìkan kò já mọ́ nǹkan, fífọ̀ lè tún un ṣe. Èyí tó bá kan ọwọ́ mi nínú, mo máa ń dá a padà sórí ẹní.

Tuntun ni tàbí òkìrìkà, kí ẹ má ká a nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ má sì tì í sínú àpótí tàbí búùtù mọ́tò tó ń gbóná. Orí ìkọ́ ni kó wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, títí tí òjò mìíràn á fi dé.